Ẹ Bi Wá: Eré Tí Mọ́tò Sá, Ta Ló Wọ̀n Ọ́n, Báwo Ló Ṣe Wọ̀n Ọ́n?

Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ eré sísá pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà sójú títì l'Ékòó. Márùn-ún la mú lóṣù yìí. Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ máa rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá pe nọ́ńbà fún yín pé mọ́tò báyìí sá báyìí, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í bó ṣe dé ìdí nọ́ńbà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn sí Èkó ni mò ń ná. Wọ́n dá mi dúró lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì láìpẹ́ yìí, wọ́n ní 118 kìlómítà ní wákàtí kan ni mò ń sá, wọ́n fi rádà ọwọ́ wọn hàn mí, mo rí 118 níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ jíìpù dúdú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fò mí kọjá ni, èmi ò kọjá 85 torí èrò kún inú ọkọ̀. Mo sanwó, ó ṣì ń dùn mí. Ṣé rádà máa ń parọ́ ni? — Dírẹ́bà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá wa. Rádà kì í sábà parọ́, àmọ́ ó lè sọ òótọ́ nípa mọ́tò ẹlòmíì kí wọ́n wá gbé e kọ́ yín lọ́rùn, ó sì jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ̀rọ yẹn máa ju ìgbì rédíò síwájú, ìgbì náà á lọ kọ lu ara mọ́tò, á sì padà wá. Tí mọ́tò bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ìgbì tó padà á máa gbọ̀n yára ju èyí tó jáde lọ, ohun kan náà tó ń jẹ́ kí fèrè áńbúláǹsì dún gooro tó bá ń bọ̀, tó bá wá kọjá yín tán kí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Christian Doppler, ọmọ Austria, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1842. Tẹ́ ẹ bá mú rádà ọwọ́ tó ń lo 24.15 GHz, ìyẹn ni pé ìgbì ẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà bílíọ̀nù 24.15 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí mọ́tò ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín ìgbì tó lọ àtèyí tó bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 4,470 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ̀rọ mọ ìyẹn kà dáadáa, mi ò bá a jà níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìgbì yẹn ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, bí iná tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá jáde ní dìgírì 12, nígbà tó bá fi máa rìn dé 300 mítà, ó ti fẹ̀ ju 60 mítà lọ, ìyẹn ni pé gbogbo mọ́tò tó wà lójú ọ̀nà ló wà nínú ẹ̀, tẹni tó ń lọ tẹni tó ń bọ̀. Èwo wá ni ẹ̀rọ máa mú? Ó lè mú èyí tí ìgbì ẹ̀ padà wá lágbára jù, torí ẹ̀ ni tírélà ṣe lè bo mọ́tò kékeré mọ́lẹ̀, àwọn ẹ̀rọ míì sì wà tó lè ṣa èyí tó yára jù nínú wọn. Jíìpù yẹn àtẹ̀yin lẹ jọ wà lójú ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó máa lo rádà pé kó kọ́kọ́ fi ojú ara ẹ̀ wo mọ́tò, kó dá a lójú pé èyí ló ń sáré ju àwọn yòókù, kó fojú díwọ̀n eré ẹ̀, kó tó wá fi ẹ̀rọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá kàn na ọwọ́ sí títì tó ń ka nọ́ńbà ò tíì wọn eré ẹnì kankan.

Ibi tẹ́ni náà dúró sí tún ṣe pàtàkì. Tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì débi pé ojú rádà fi dìgírì 20 yà kúrò lójú ibi tí mọ́tò ń gbà bọ̀, mọ́tò tó ń sá 100 á hàn bíi 94, ẹ̀yin lẹ jèrè nìyẹn. Àmọ́ tí rádà bá wà nínú ọkọ̀ tóun náà ń rìn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ eré ọkọ̀ tó gbé e, tó bá wá ka ìyẹn kéré, èyí tó kù á bọ́ sórí tiyín.

Ní Miami ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, wọ́n gbé rádà síwájú igi ọ̀pẹ kan, rádà ní igi náà ń sá 86 máìlì ní wákàtí kan. Wọ́n kọjú ẹ̀ sí ilé, ó ní ilé ń sá 28. Ọ̀rọ̀ yẹn dé kóòtù, adájọ́ sì kọ̀ láti gba ẹ̀rí rádà nínú ẹjọ́ tó wà níwájú ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ohun tó wọ̀ mí lára ni iye èèyàn tó ti ń sanwó kí ẹnì kan tó ronú pé kó kọjú ẹ̀rọ yẹn sígi. Iṣẹ́ yíyẹ ẹ̀rọ wò ò ṣeé fi ṣeré. Irin oníka méjì kan wà bíi fọ́ọ̀kì tí wọ́n máa ń gbá kó dún síwájú rádà, wọ́n ti mọ nọ́ńbà tó yẹ kó jáde fún ìró irin yẹn, tí nọ́ńbà míì bá jáde, rádà yẹn ò gbọdọ̀ lọ sójú títì lọ́jọ́ náà. Nítorí náà lọ́jọ́ míì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ bi wọ́n: ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ibo lẹ dúró sí, mọ́tò mélòó ló wà níwájú yín nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́? Tó bá jẹ́ lésà, ẹ̀rọ tó ń fi iná tín-ín-rín wọn eré, ni wọ́n ń lò, ìyẹn sàn, torí iná tiẹ̀ ò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní 300 mítà, ó lè nawọ́ sí mọ́tò kan ṣoṣo, kìkì pé ọwọ́ tó mú un ò gbọdọ̀ yọ̀ látorí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Ẹ jẹ́ n fi eléyìí kún un o, bọ̀dá mi: 100 tí gbogbo èèyàn ń pè lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì, ti mọ́tò àdáni ni. Bọ́ọ̀sì akérò, 90 ni. Táńkà àti tírélà, 60.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn. Lẹ́tà ọlọ́pàá dé ilé mi ní Peckham níbí, wọ́n ní mọ́tò mi sá 36 máìlì ní wákàtí kan níbi tó yẹ kó sá 30, kámẹ́rà ló yà á. Àbúrò mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé tí wọn ò bá rójú mi nínú fọ́tò wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn rárá. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tó wakọ̀, ẹni tí kò bá dáhùn lè jẹ ìyà tó ju ti eré fúnra ẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò ni déètì. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tórúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé mọ́tò láàárín ọjọ́ 14. Tó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ, ẹ lọ rí lọ́yà.

Tí déètì bá bá òfin mu, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí fọ́tò, fọ́tò méjèèjì o. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà Gatso ni, rádà inú ẹ̀ ló ń ka eré, àmọ́ wọ́n ò fi mọ síbẹ̀, ó máa ya mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì sẹ́kọ́ǹdù ló wà láàárín méjèèjì, wọ́n sì ti kun ìlà funfun sórí títì kí wọ́n lè ka iye mítà tí mọ́tò rìn láàárín fọ́tò kìíní àti èkejì. Mọ́tò tó ń sá 30 máìlì á rìn mítà 6.7 ní ìdajì sẹ́kọ́ǹdù, èyí tó ń sá 36 á rìn mítà 8. Ẹ̀yin fúnra yín lè ka ìlà yẹn nínú ilé yín. Tí ìlà àti rádà ò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ nìyẹn, tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbà fún Ọlọ́run kẹ́ ẹ sì lọ ṣe kọ́ọ̀sì lórí eré sísá tí wọ́n bá fún yín láyè ẹ̀, kò ní sí póìǹtì lórí láísẹ́ńsì yín. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń fún èèyàn láyè díẹ̀ kí wọ́n tó ṣe nǹkan, ìdá mẹ́wàá òpin eré àti máìlì 2 lé e, ìyẹn jẹ́ 35 níbi tí òpin bá ti jẹ́ 30. Ẹ ti kọjá ẹ̀ pẹ̀lú máìlì kan.

Ẹni tó ṣe kámẹ́rà yìí, Maurice Gatsonides, ará Netherlands, awakọ̀ eré ìje ni, òun ló gba ìdíje Monte Carlo lọ́dún 1953, ó fẹ́ mọ iye tóun ń sá ní kọ́nà kóun lè túbọ̀ yára ni! Ọdún 1992 ni àkọ́kọ́ ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá afárá Twickenham.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ètò fọ́tò méjì yẹn gan-an torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ní 2012 ìwé ìròyìn ibẹ̀, Baltimore Sun, gbé e jáde pé kámẹ́rà kan ti fún mọ́tò kan ní tíkẹ́ẹ̀tì pé ó sá 38 máìlì níbi tó yẹ kó sá 25. Wọ́n wá wo fọ́tò méjèèjì: mọ́tò ò kúrò lójú kan, iná bíréèkì ẹ̀ ń tàn ní ẹ̀yìn, iná dáńjà ló dá a dúró! Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o jẹ́wọ́ pé àṣìṣe àwọn kámẹ́rà mélòó kan lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú náà sì pa gbogbo ètò yẹn tì ní 2013. Ká ní fọ́tò kan ṣoṣo ni, kí ni onímọ́tò yẹn ì bá fi gba ara ẹ̀? Ìjọba tó bá ń gbé kámẹ́rà sójú títì nílẹ̀ wa, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí aráàlú nìyẹn, fọ́tò méjì, àkókò tó wà láàárín wọn, àti déètì tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Kọ̀rọ́là tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni mò ń wà, 80 ni mo máa ń sá, síbẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé mo sáré jù. Kí ló fà á? — Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín dáadáa. Nọ́ńbà ńlá tó wà lókè yẹn, máìlì ni. 80 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 129 kìlómítà! Nọ́ńbà kéékèèké tó wà nínú lábẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, tàbí kẹ́ ẹ há a sórí pé 100 kìlómítà ò ju máìlì 62 lọ. Ẹ tún wo táyà. Tó bá jẹ́ 195/65R15 ló bá a wá tí fọkanáísà bá gbé 205/65R15 sí i, táyà yẹn ti fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi jù, mítà á máa pe 100 nígbà tí mọ́tò ń sá 102.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọkàn mi ò balẹ̀. Àbúrò mi fi Káḿrì ẹ̀ kọ lu ẹ̀yìn táyà tírélà kan tó ń yí po lójú títì ní ọ̀sán gangan, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé 140 ló ń sá torí ọwọ́ mítà dúró sórí 140 lẹ́yìn tó kọ lu tírélà, wọ́n ní òun ló jẹ̀bi. Mo ti fi téèpù wọn ojú táyà tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ mítà 36. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ gbà wá. — Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, Ọlọ́run á wò ó sàn, ẹsẹ̀ á tún rìn. Ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọwọ́ mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mọ́tò bá kọ lu nǹkan, ọwọ́ yẹn lè fò lọ síbikíbi, iná lè gé kó sì há síbi tó bá bá a. Àwọn onímọ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan ò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ilẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí táyà bá há tó ń wọ́ lórí kọ́tà, gígùn ibi tó wọ́ dé àti bí kọ́tà ṣe ń di táyà mú ló máa sọ eré tí mọ́tò pàdánù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé, ẹ ó fi 254 lu iye ìdìmú yẹn, ẹ ó fi lu gígùn ní mítà, ẹ ó wá wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi lu ara ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa fún yín, nọ́ńbà náà sì ni eré mọ́tò ní kìlómítà ní wákàtí kan. Kọ́tà gbígbẹ tó dáa, ìdìmú ẹ̀ máa ń wà lágbègbè 0.7. 254 lọ́nà 0.7 lọ́nà 36 jẹ́ 6,400, díẹ̀ báyìí ló fi lé. 80 lọ́nà 80 sì jẹ́ 6,400. Ìyẹn ni pé ká ní mọ́tò yẹn dúró fúnra ẹ̀ níbi tí ojú táyà parí sí, láìkọ lu nǹkan kan, 80 ló ń sá nígbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Tó bá jẹ́ òjò ló rọ̀, tí ìdìmú já sí 0.4, mítà 36 kan náà á sọ nǹkan bíi 60 péré, torí náà ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síwèé bí títì ṣe rí lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ mọ́tò àbúrò yín ò dúró fúnra ẹ̀, tírélà ló dá a dúró, eré ṣì kù lára ẹ̀ nígbà yẹn, a gbọ́dọ̀ fi kún un. Ẹ má kàn ro 80 pọ̀ mọ́ ìyẹn o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, àwọn tó ń kọ ìwé gan-an sì wà lára wọn. Ẹ ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lu ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rò wọ́n pọ̀. Ká sọ pé 50 ló fi kọ lu tírélà: 6,400 àti 2,500 jẹ́ 8,900, eré tó ń bá bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 94. Ẹ wá jẹ́ ká yí i padà, ká gbà pé 140 ni lóòótọ́. 140 lọ́nà ara ẹ̀ jẹ́ 19,600, ẹ yọ 6,400 kúrò, ó ku 13,200, èyí tó jẹ́ pé àbúrò yín máa ní láti fi eré bíi 115 kọ lu táyà tírélà. Nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti run, àmọ́ òpó méjèèjì tó gbé gíláàsì iwájú dúró ṣánṣán, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, dáṣíbọ́ọ̀dù ò wọ inú ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi ò lè tinú fọ́tò dájọ́, ó yẹ kí onímọ̀ wọn bí irin ṣe wọlé tó ní ojú kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mọ́tò tí mo rí yẹn ò jọ èyí tó fi 115 kọ lu ohun tó wúwo tó tírélà rárá, ó sì yẹ kẹ́ni tó kọ 140 wá ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ sáré ṣe nìyí. Káḿrì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, bí kò bá gbó jù, àpótí kékeré kan máa ń wà lábẹ́ ibi jíà láàárín ìjókòó méjèèjì, òun ló ń pàṣẹ fún éábáàgì, òun náà ló máa ń ṣàkọsílẹ̀ ìjàǹbá. Òfin Amẹ́ríkà sọ ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ní fún mọ́tò tó bá ní in, tó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí wọ́n ṣe ní September 2012: eré mọ́tò ní sẹ́kọ́ǹdù 5 tó ṣáájú ìkọlù, bóyá ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, bóyá ó wà lórí tọ̀tù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré. Tí éábáàgì bá ti jáde, àkọsílẹ̀ yẹn á tì pa, wọn ò lè kọ nǹkan míì lé e lórí. Irinṣẹ́ Bosch kan wà tí wọ́n fi ń kà á, sikánà tí rẹ́wáyà àdúgbò ń gbé kiri ò lè ṣe é. Onímọ̀ tó bá kà á gbọ́dọ̀ rántí pé láti ara táyà tó ń yí ni eré inú ẹ̀ ti wá, tí táyà bá há lábẹ́ bíréèkì, nọ́ńbà á kéré ju bí mọ́tò ṣe ń lọ gan-an, torí náà ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ǹdù 5 yẹn ló níye lórí jù, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì.

Ẹ bẹ lọ́yà kó kọ̀wé lónìí pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò yẹn, kí wọ́n má tà á fún àwọn tó ń ra irin, kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà má tú u, kí wọ́n má yọ àpótí yẹn lọ tà ní Ládípọ̀. Ẹ padà lọ síbi ìjàǹbá kí òjò àti iyanrìn tó pa ojú táyà rẹ́. Ẹ wọn ojú táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ́ téèpù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ ya ibi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ibi tó parí. Tí ojú táyà bá tẹ̀ bí ọrun tí kò lọ gbọọrọ, ẹ sọ fún onímọ̀, ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ sì bi àwọn tó kọ ìwé bóyá wọ́n wọn ìdìmú títì yẹn rárá, èyí tí wọ́n máa ń ṣe nípa fífi mọ́tò míì tẹ bíréèkì lójú kan náà ní eré tí wọ́n ti mọ̀. Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè lọ wọn ilẹ̀ fúnra ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́tò kan ya wọ ìsọ̀ wa, ó ní òun ò sá ju 40 lọ. Kámẹ́rà ilé epo òdìkejì rí i. Ṣé a lè tinú fídíò mọ eré ẹ̀? — Oníṣọ́ọ̀bù, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Fídíò jẹ́ àwòrán tó ń tẹ̀ léra, ká ní kámẹ́rà yẹn ń ya 25 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ wá ohun méjì tó wà lójú títì gan-an, bóyá ìlà tàbí ojú kòtò tí táyà kọjá lórí ẹ̀, ẹ má lo òpó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà torí ibi tí kámẹ́rà dúró sí máa tàn yín jẹ. Ẹ fi téèpù wọn àárín wọn. Tó bá jẹ́ mítà 20, tí táyà iwájú fi àwòrán 18 rìn láti ìkíní dé èkejì, sẹ́kọ́ǹdù 0.72 nìyẹn, eré ẹ̀ sì jẹ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi àwòrán kan síwájú, ẹ fi kan sẹ́yìn, ó máa bọ́ sáàárín 95 sí 106, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé nìyẹn, ẹ má kọ 100 géérégé.

Àwọn kámẹ́rà kan máa ń yí iye àwòrán wọn padà, ìgbà míì 25, ìgbà míì 12, kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ látinú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Ẹ má gbà á lórí WhatsApp o, ó máa ń fún fídíò pọ̀, àwòrán sì lè sọnù nínú ẹ̀. Ẹ gbé fláàṣì lọ bá máníjà ilé epo náà, kó da ojúlówó ẹ̀ sí i fún yín lójú ẹlẹ́rìí, lónìí yìí tó bá ṣeé ṣe, torí tí àyè bá ti tán nínú ẹ̀rọ yẹn, fídíò tuntun ló máa ń kọ lé èyí tó ti pẹ́ lórí.